Ìpínrọ̀ Tí Mi Ò Kà Nínú Ìròyìn Hónárébù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹrù kan wà lórí mi tí mo ti ń rù láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo rù ú, títí kan ọkọ mi tí a jọ ń sùn. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kí n dìde níwájú gbogbo àdúgbò kí n sọ pé mo gbà láti du ipò káńsẹ́lọ̀, mo sì mọ ohun tí mo ṣe sí obìnrin tó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ kàn, màá pè é ní Rónkẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àdúgbò wa wà lẹ́yìn ojú irin ní Àgbàdo. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ará ibẹ̀ máa ń ka ìwé ìròyìn dáadáa, pàápàá èyí tí wọ́n bá fi wé àkàrà fún wọn.

Ọmọ Ẹdẹ ni mí, ọmọ Ìkirè ni Rónkẹ́. Inú ilé kan náà la ti bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wa, yàrá tiwa àti tiwọn kọjú síra. Èmi kọ́ iṣẹ́ táìpù, òun kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe. Nígbà tí ọkọ mi ra ilẹ̀, èmi ni mo sọ fún un pé kí ọkọ tirẹ̀ náà wá rà. Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa. Bí mo bá se ọbẹ̀, ó máa ń mọ̀ bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, kò sì ní pa á mọ́ra. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé irọ́ ni mo ń pa níbẹ̀ yẹn. Ẹni téèyàn ò fẹ́ràn, èèyàn kì í ráyè jowú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà, ẹ̀rọ táìpù mi wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé, sí káńsù, tàbí sí onílé tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ Yorùbá kọ, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti àmì ìsàlẹ̀. Nígbà tí a wá dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. "Sẹ́kítírì" ni gbogbo èèyàn ń pè mí, títí kan àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú mi bínú.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú ránṣẹ́ sí àdúgbò wa pé obìnrin ni àwọn fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, kí a mú ẹnì kan wá. Mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ta tún ni? Èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà tí àdúgbò ti kọ sí káńsù ní Ifọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yan ẹni náà, mo wọ léèsì mi aláwọ̀ ewé, mo wé gèlè, mo sì ti há ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sórí.

Rónkẹ́ ni wọ́n mú. Rónkẹ́ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tó ń bá ọmọ ẹnì kan dirun lọ́wọ́ nínú ìpàdé. Bàbá tó jẹ́ alága wa, Bàbá Alága la ń pè wọ́n, ẹni pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Sẹ́kítírì, ìwé la nílò yín fún. Ẹni tó mọ èèyàn la fẹ́ rán lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Kí ni wọ́n ń pè ní mímọ èèyàn? Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo onílé àti nọ́ńbà ilé wọn? Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, màá kà á fún wọn láti ilé kìíní dé ilé tó gbẹ̀yìn.

Rónkẹ́ wọlé ìbò, ó di Hónárébù. Wọ́n lọ ra àga oníke pupa kan tó ní apá méjèèjì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e àfi Hónárébù. Nígbà tí kò bá sí nílé, àga náà á wà lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi á sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ mi tí kì í yin èèyàn, ó ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ yìí ń gbìyànjú o." Mo gbé àwo ẹran kúrò níwájú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní mo rò pé ó ti yó ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣooṣù, Rónkẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn fún àdúgbò nípa ohun tí káńsù ń ṣe. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló kàwé dé. Yorùbá tó ń kọ kò ní àmì kankan lórí, ṣe ló máa ń rí bí ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé sí. Nítorí náà, á wá jókòó lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, á ròyìn ohun tí wọ́n sọ ní Ifọ̀, á wá ní, "Sẹ́kítírì mi, bá mi fi ẹnu tìẹ sọ ọ́." Èmi á táìpù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ ní wúruwùru, èmi á tò ó kó dán. Bí mo bá sì ti ń táìpù, mo máa ń fi kábọ́ọ̀nù sí i, kó lè ní ẹ̀dà. Ojúlówó rẹ̀ á lọ sí ìpàdé, ẹ̀dà á lọ sínú àpò ìwé fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ ń ronú sí i mọ́ kí n tó ṣe é.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la máa ń ṣèpàdé. Bí gbogbo èèyàn bá ti tún àyíká ṣe tán, tí aago mẹ́wàá bá lù, wọ́n á gbé àdá àti ìgbálẹ̀ wọn wá sí abẹ́ páànù ní iwájú ilé Bàbá Alága. Rónkẹ́ á jókòó lórí àga pupa, èmi á dìde ka ìròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan á dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹnì kejì á kín in lẹ́yìn. Bí a bá ti gbà á wọlé, ó parí. Ìwé náà á wọ inú fáìlì mi, ẹnikẹ́ni kì í padà tọrọ rẹ̀ wò. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin yẹn.

Ó wá di oṣù kan nínú òjò. Rónkẹ́ wá bá mi ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Ó ní katakata tó yẹ kó wá tún títì wa ṣe ti bàjẹ́ sí Ifọ̀, kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ní wọ́n ti wọn ibi tí wọ́n máa kọ́ afárá kékeré sí lórí odò. Ó ní olùkọ́ tuntun méjì ń bọ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wá ní kí n fi ojú ìwé kejì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ pàtàkì.

Káńsù fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé kan. Wọ́ọ̀dù mẹ́ta ló ń bèèrè fún un, ṣùgbọ́n tiwa ni wọ́n fẹ́ fún, torí a ní ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti àdúgbò, tí a ń pa mọ́ fún gbọ̀ngàn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ìwé ìyọ̀ǹda ilẹ̀, kí àwọn aṣojú onílé fọwọ́ sí i, kó sì dé Ifọ̀, ó pẹ́ tán, ní Fúráìdè tó máa tẹ̀ lé ìpàdé wa. Bí kò bá dé, wọ́n á gbé e fún àwọn tó tẹ̀ lé wa.

Mo táìpù rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè é láti Ìkirè pé ìyá rẹ̀ ṣubú, kò lè dìde. Ó gba ṣọ́ọ̀bù mi kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú àpò ìwé, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Sẹ́kítírì mi, bá mi kà á fún wọn. Tẹ ọ̀rọ̀ Fúráìdè yẹn mọ́ wọn létí." Mo ní kó má ṣèyọnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yìí: nígbà tí mo jáde nílé ní Sátidé yẹn, mi ò ní ibi kankan lọ́kàn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo tiẹ̀ ti mú bírò tí wọ́n máa fi fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda dání.

Bàbá Alága kọ́kọ́ ní kí a gbàdúrà fún ìyá Hónárébù. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, tí bàbá tèmi kú, èèyàn méjì péré ni ẹgbẹ́ rán wá kí mi, ọ̀kan nínú wọn sì ń kánjú. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo sì ń rò ó lórí ìkúnlẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo ka ti katakata. Mo ka ti afárá. Bí mo ṣe ka ti àwọn olùkọ́ tán, Bàbá Súlè, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì, mi orí, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bí Hónárébù ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe irun ló ń kọ irú Yorùbá báyìí. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni." Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Obìnrin kan tiẹ̀ ní kí n tún ibì kan kà, ó dùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ mi ni. Ẹnu mi ni. Àmì orí rẹ̀, èmi ni mo fi bírò fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ìwé ni wọ́n nílò mi fún, wọ́n tún wá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún un.

Mo ṣí ojú ìwé kejì. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló wà lókè. Mo rí i. Mo rí ilé náà pẹ̀lú, mo rí pátákó rẹ̀, orúkọ Rónkẹ́ lára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, mo sì rí àwọn èèyàn yìí tí wọ́n ń fi han àwọn ọmọ ọmọ wọn. Mo gbé ojú fo ìpínrọ̀ náà, mo bọ́ sórí ìkíni ìparí, mo ká ìwé. Kò gbà ju kéèyàn gbé itọ́ mì lọ.

Wọ́n dábàá, wọ́n kín in lẹ́yìn, a gbà á wọlé.

Mo sọ fún ara mi pé màá wá nǹkan sọ kó tó di Fúráìdè. Sọ́ńdè kọjá. Mọ́ńdè, mo rí Bàbá Alága ní ẹnu ọ̀nà wọn, mo kí wọn, mo kọjá. Ní Tọ́sìdeè, Rónkẹ́ pè mí láti Ìkirè, ó lo fóònù àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?" Mo ní, "Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Gbájú mọ́ ìyá ẹ." Ó ní Ọlọ́run á bá mi tọ́jú tèmi náà. Mo ṣe àmín.

Fúráìdè kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo táìpù ojú ìwé kejì tuntun tí kò ní ìpínrọ̀ náà, mo fi sínú fáìlì. Mo fi ti àkọ́kọ́ dáná. Mo rántí ohun gbogbo tán, mi ò rántí ẹ̀dà. Èmi tí mo ń táìpù láti ọmọ ogún ọdún, mi ò rántí ẹ̀dà.

Rónkẹ́ padà dé, ó lọ sí Ifọ̀, ó rí i pé ìwé kankan kò dé láti àdúgbò wa. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Mo sọ fún un pé àwọn onílé kọ̀, pé wọ́n ní gbọ̀ngàn ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ wọn kọ́, pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mi ò bá wọn sọ. Mo tún ní kó má bá wọn jà, wọ́n á ní ó ń fi ipò halẹ̀ mọ́ àwọn. Ó ní, "Àwọn èèyàn mi náà?" Ó sì lọ sílé.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Rónkẹ́ wà lórí àga pupa, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Bàbá Súlè dìde, wọ́n ní àwọn rí yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ní wọ́ọ̀dù kejì, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. "Tiwa ńkọ́, Hónárébù?"

Rónkẹ́ ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní yọ̀ǹda ilẹ̀, sà?"

"Ilẹ̀ wo?"

Ariwo sọ. Bàbá Alága gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Sẹ́kítírì, ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ kà fún wa?"

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, sà." Mo ṣí fáìlì, mo gbé ojú ìwé méjèèjì fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú wọn, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní lóòótọ́, kò sí níbẹ̀.

Rónkẹ́ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo rí etí àpò ìwé tí mo fún un. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ẹ̀dà. Mo ti ń wo ọ̀nà tí màá gbà jáde láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe rí lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú báàgì fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó sì yọ ọ́, áńkáṣíìfù ló mú jáde. Ó nu ojú rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló dà mí lọ́kàn rú. Mo rò pé mo sọ ọ́ fún Sẹ́kítírì, mi ò sọ ọ́. Èyí tí mo ní ẹ kọ̀ yẹn, èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ gbogbo òótọ́ fún yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Inú mi dùn. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, inú mi dùn. Wọ́n bú u níwájú mi, wọ́n ní ẹni tí a rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́, mo sì ń wolẹ̀ bí ẹni tó ń káàánú. Kódà, bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, mo jowú rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tún mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ jù mí lọ.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò wá táìpù lọ́dọ̀ mi mọ́. Ó ní ọmọ kan ní ọjà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń kí mi. Bó bá se mọ́ínmọ́ín, ó ń gbé e gba orí fẹ́ǹsì fún wa. Mi ò lè jẹ ẹ́, ọkọ mi ló ń jẹ ẹ́, á sì máa yìn ín. Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, ẹgbẹ́ òṣèlú kò tún fà á kalẹ̀, wọ́n ní àdúgbò rẹ̀ gan-an kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó padà sídìí irun. Bàbá Alága ní kí èmi máa jókòó lórí àga pupa nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Apá àga náà kan ti kán.

Ilé ìwòsàn yẹn wà ní òdìkejì ojú irin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan ní àdúgbò wa ń rọbí, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà. Wọ́n dé ojú irin, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ń kọjá, kò sì tán bọ̀rọ̀. Ọmọ ò dúró dè é. Ibẹ̀ ni ó bí i sí, àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà ló fi ìró bò ó. Ọlọ́run ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ó ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà kọjá láràárọ̀. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Sẹ́kítírì." Mo máa ń fún un ní bisikíìtì kí ó lè tètè lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ òṣèlú tún ránṣẹ́ pé kí a mú obìnrin wá. Bàbá Súlè dárúkọ mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ káńsù jù mí lọ. Bàbá Alága bèèrè pé ta ló kín in lẹ́yìn. Ọwọ́ kan gòkè láti ẹ̀yìn pátápátá.

"Mo kín in lẹ́yìn." Rónkẹ́ ni.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, òun ló nawọ́ rẹ̀ sí mi. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kankan. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Bọ́lá, àkọ́bí Rónkẹ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ní ẹ̀rọ fotokópì báyìí. Ó ń wá ìwé ọjọ́ìbí rẹ̀ tó fẹ́ fi wọ ilé ìwé gíga. Ó gbé fáìlì ńlá kan sórí tábìlì. Ó ní, "Màmi ní ó wà níbẹ̀, kí n gbé gbogbo ẹ̀ wá, pé ẹ̀yin lẹ máa mọ èyí tó yẹ, mà." Mo ń tú u lọ. Mo kan ìwé ọjọ́ìbí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ wà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó ṣí i.

Ẹ̀dà ni. Ojú ìwé méjì, tàdáwà kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń ṣá. Ní ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ ilé ìwòsàn, ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà gbọọrọ kan, bí Rónkẹ́ ṣe máa ń fa ìlà sí ibi tó bá ká a lára. Ó ti fà á sílẹ̀ kó tó wá sí ìpàdé ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́ fi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo ní kò sí níbẹ̀, ohun tó máa tú mi láṣìírí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ́lá ní, "Ṣé ẹ ti rí i, mà?" Mo ní mo ti rí i.

Mo yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún jí ìyẹn náà. Mi ò mọ̀ bóyá Rónkẹ́ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, tàbí pé ṣe ló rán an sí mi. Abẹ́ ẹ̀rọ táìpù mi ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lò tó ogún. Ẹ bá mi dá a rò. Bí mo bá lọ bá Rónkẹ́ nìkan, tí a jọ sunkún tán, orúkọ rẹ̀ ṣì bàjẹ́ lójú àdúgbò. Bí mo bá kọ ipò náà láìsọ ìdí, wọ́n á tún yìn mí pé mo nírẹ̀lẹ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́ ní gbangba, ọkọ mi wà níbẹ̀, ìyá Abíọ́nà wà níbẹ̀, èmi ni màá sì kó lọ kúrò ní Àgbàdo. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Mo ṣì ń jowú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́. Kì í ṣe àga pupa ni mo ń jowú mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú báàgì tí kò mú ìwé jáde ni. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti kà á síta, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi kí Sátidé tó dé. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n dìde kà á fún wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìpínrọ̀ náà rèé, bí mo ṣe táìpù rẹ̀ gan-an, kí ẹlòmíràn kan tiẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ìwòsàn ti fẹ́ di tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ gbọ̀ngàn, kí àwọn obìnrin wa má máa gbé oyún kọjá ojú irin mọ́. Ẹ fọwọ́ sí ìwé kí Fúráìdè tó kọjá. Bí mi ò bá tilẹ̀ sí nílé, ẹ kó o fún Sẹ́kítírì. Bí ohun kan bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn mi máa ń balẹ̀."